Ẹsẹ Kan, Ìjókòó Kan: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Máa Kọ́ Ifá Lónìí

Ọ̀rọ̀ mi òní kò kan àwọn tí ń bú wa láti ìta. Àwa fúnra wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nípa ọ̀nà tí à ń gbà fi Ifá lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Kíláàsì gbọọrọ ọjọ́ Àìkú, èyí tí ó ń gba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò lè mú babaláwo jáde. Mo fẹ́ kí a fi ìjókòó kúkúrú rọ́pò rẹ̀: ogún ìṣẹ́jú ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ẹsẹ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọkàn tí ó pa pọ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé àwọn baba wa ni mo ti mú ìmọ̀ràn yìí wá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé láàrin Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò mọ irú ọjọ́ tí à ń lò níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń wá kọ́ Ifá lọ́dọ̀ wa ni ó ń tajà tàbí tí ó ń tún fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ọjà Alábà. Àwọn mìíràn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ LASU, yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìyànà Ìbà, àwọn kan sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni gbogbo wa jọ ń pín. Ọkọ̀ ojú irin tí a ṣètò pé yóò so Marina mọ́ Òkókómáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Àwa tí ilé wa kọjá Mile 2 mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fi ojú ènìyàn rí. Ẹni tí ó jáde nílé ní agogo márùn-ún àárọ̀ lè má wọlé títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni à ń kó jọ ní ọjọ́ Àìkú. A bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, a tú ká ní agogo mẹ́rin. Ní wákàtí kìíní, gbogbo etí ṣí sílẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di wákàtí kẹta, ọ̀kan ti ń tòògbé, èkejì ti ń yọ́ fóònù wò, olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì ti ń wá omi tútù. A ó ti ka ẹsẹ mẹ́fà tàbí méje, olúkúlùkù yóò sì gbà pé ọjọ́ náà dùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí a bá ní kí ẹnì kan dìde kí ó ka ọ̀kan péré nínú wọn láìwo ìwé, ilẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wò. Mo ti rí èyí nínú agbo tí ó ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tí ó ṣẹ́ kù sórí ẹní kò ní í pọ̀ mọ́, àwọn tí ó lọ yóò sì máa sọ fún ayé pé Ifá le jù, pé orí àwọn kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ orí wọn kò ní àbùkù kankan.

Ibi tí èyí ń gbé wa lọ ni ó ń bà mí lẹ́rù. A ti ń rí awo ọ̀dọ́ tí ó mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ í jù, tí ó mọ orúkọ Odù tí ó yọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé inú fóònù ni yóò ti lọ wá ẹsẹ níwájú oníbèéèrè. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rí. Babaláwo ń ka ẹsẹ fún ẹni tí ó wá. Ẹni náà ń gbọ́, títí yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn inú rẹ̀ mu. Awo tí ó mọ ẹsẹ kan ṣoṣo nínú Odù kan yóò máa fi aṣọ kan náà wọ gbogbo ènìyàn: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ tú. Ẹbọ kan náà ni yóò yàn fún gbogbo wọn. Ìpalára ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó gbé ọ̀ràn rẹ̀ tọ̀ wá wá, ó sì ń ba orúkọ Ọ̀rúnmìlà jẹ́.

Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àgbáyé tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ní ọdún 2008, wọ́n gbé e wọ inú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ogún tí a kò lè fọwọ́ kàn. Orí ènìyàn ni ilé irú ogún bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún wa ní ọjọ́ ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó jà fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi kò mọ ẹsẹ Ifá kà. Àwa ni a ó mọ̀ ọ́n kà, tàbí kí ó parẹ́ mọ́ wa lẹ́nu.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é? Ọmọ awo ń gbé lọ́dọ̀ Olúwo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe: ó ń lọ sóko, ó ń já ewé, ó ń pọn omi, ó ń gbé àpò Olúwo lọ sí ibi ẹbọ. Ìjókòó ẹ̀kọ́ kì í gùn. Àwọn àmì Odù ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ojú odù mẹ́rìndínlógún ṣáájú, kí ó tó kan àwọn ọmọ odù 240. Nígbà tí ó bá kan ẹsẹ, Olúwo tàbí Ojúgbọ̀nà yóò sọ gbólóhùn kan, ọmọ yóò dá a padà; yóò sọ òmíràn, ọmọ yóò so ó mọ́ ti ìṣáájú. Níbi tí ahọ́n ọmọ bá ti ń kọ́lẹ̀, wọn yóò dúró síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ti àná ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í léèrè kí wọ́n tó fi tuntun kún un. Láàrin ìjókòó kan sí èkejì, ẹsẹ náà ń bá ọmọ rìn lọ sóko, ó ń bá a já ewé, ó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ Awo sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí láti fi sọ pé ayé ń yí padà. Èmi ń rí ètò ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ tí a kọ́ lónìí, a ó sọ ọ́ lọ́la. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá pé, ọjọ́ Awo dé, a ó tún un kà níwájú Ifá. Bí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún bá pé, ìtàdógún dé, a ó sun ún ní ìyẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ẹni tí ó bá ṣì í, wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sì tún un ṣe. Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún: àlàfo ń gùn sí i bí ẹsẹ náà ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlànà tí ó dára jù èyí lọ fún ìrántí, n kò tíì rí i nínú gbogbo ìwé tí mo kà.

Ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀ ti pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fún ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín tí ó tó mẹ́jọ. Orúkọ àwọn awo wà níbẹ̀, ẹni tí a díá fún wà níbẹ̀, ìdí tí ó fi wá wà níbẹ̀, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, títí dé ibi tí ó ti ń jó tí ó ń yọ̀. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, mo lè sọ pé ìpín kọ̀ọ̀kan dà bí ìkọ́ tí a fi aṣọ kọ́. Ọmọ tí ó bá mọ ibi tí ìkọ́ wà kò ní í wá aṣọ tì. Nítorí náà, ogún ìṣẹ́jú tó láti gba ìpín méjì tàbí mẹ́ta mú nínú ẹsẹ gígùn, tàbí odindi ẹsẹ kúkúrú kan.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ràn ẹ̀rí ìwádìí, n kò sì ní fi í dù wọ́n. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí. Orí ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò, pẹ̀lú ọ̀wọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀. Ó rí i pé bí òun bá tún ọ̀wọ́ kan kà ní ìgbà 68 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èrè rẹ̀ kò ju ti ìgbà 38 tí òun pín sí ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní ọdún 1978, Alan Baddeley àti Longman kọ̀wé lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Àwọn tí ó ń kọ́ ọ ní wákàtí kan péré lóòjọ́ lo àpapọ̀ wákàtí tí ó kéré jù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ń kọ́ ọ ní wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ ni ó lo wákàtí jù lọ. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé àwọn oníwákàtí kan yìí ni inú wọn dùn sí ètò wọn kéré jù, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń falẹ̀. Ẹ rí i pé bí ìjókòó gígùn ṣe dùn tó kò fi hàn bí ẹ̀kọ́ ṣe wọlé tó. Òjò ńlá tí ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Òkókómáíkò, ojú títì ni ó ń gbá lọ. Òjò wínníwínní ni ilẹ̀ ń mu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. William Bascom kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1969 pé ó kéré tán, ẹsẹ mẹ́rin mẹ́rin nínú Odù kọ̀ọ̀kan ni awo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó máa dífá fún ènìyàn. Odù 256 ní ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ ẹsẹ 1,024. Bí a bá ń kọ́ ẹsẹ kan péré ní ọ̀sẹ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 4,096 ni yóò gbà wá, èyí tí í ṣe ọdún mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹsẹ mẹ́rìndínlógún nínú Odù kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àgbà ṣe ń retí láti ọ̀dọ̀ awo tí ó gbó, ẹsẹ 4,096 ni ó ń wá. Bí ó bá ń kọ́ ẹsẹ kan lóòjọ́, ọjọ́ 4,096 náà ni. Ọdún mọ́kànlá tún ni. Kò sí agbára ńlá kankan nínú rẹ̀. Àìdúró ni gbogbo rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ jẹ́ wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ méje, kò tó ìdajì ohun tí a ń fi ọjọ́ Àìkú jẹ.

Àwọn àgbà kan yóò bi mí léèrè pé ṣé mo fẹ́ sọ awo di nǹkan yẹpẹrẹ ni. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìjókòó ni mo ní kí ó kúrú, n kò ní kí ọdún kúrú. Ẹni tí ó ń gba ìwé ẹ̀rí awo lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ó ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá mú ẹsẹ kan lónìí, tí ó mú òmíràn lọ́la, tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ìyẹn ti fi ara rẹ̀ fún Ifá ju ẹni tí ó fi ọjọ́ Àìkú méjìlá jókòó títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún.

Wọn yóò tún sọ pé gbígbé lọ́dọ̀ Olúwo ń kọ́ ni ní ohun tí ogún ìṣẹ́jú kò lè kọ́ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìwà kò ṣeé kọ́ sórí bí ẹsẹ. Ewé kò ṣeé dá mọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí a ṣe ń bá ẹni tí ń sunkún sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń pa àṣírí oníbèéèrè mọ́, ojú ni a fi ń wò ó lára àgbà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí a pa ọjọ́ Àìkú rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú di ti ewé, ti ẹbọ, ti ìwà àti ti ìbéèrè. Ẹsẹ tuntun ni kí a mú kúrò níbẹ̀, kí a gbé e lọ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún agbo wa ní agbègbè yìí nìyí. Kí olùkọ́ fi ohùn ara rẹ̀ ka ẹsẹ ọjọ́ náà, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn pẹ̀lú àlàfo tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dá a padà, kí ó sì fi ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ohùn ni kí ó jẹ́, kí ó má jẹ́ àkọsílẹ̀, nítorí èdè olóhùn ni èdè wa. Ẹni tí ó bá fi ojú kọ́ ẹsẹ láìsí àmì ohùn yóò pe orúkọ awo ní ohun mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jí ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò tí ó ti ń jí. Kí ó bọ́jú, kí ó kí Ifá rẹ̀, kí ó pa gbogbo ìró fóònù mọ́ àyàfi ohùn olùkọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ti àná ni kí ó fi kà láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti òní. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kù, kí ó pa fóònù, kí ó ka ohun tí ó kọ́ fún ara rẹ̀, kí ó sì tẹ Odù náà sórí ìyẹ̀rosùn tàbí iyanrìn lásán. Bí ogún ìṣẹ́jú bá pé, kí ó dìde, bí ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń wù wá ni a ń yára padà sídìí rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ń kọ́ Ifá nínú dáńfó láti Òkókómáíkò dé Mile 2. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ẹsẹ tuntun níbẹ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pariwo, ènìyàn ń bá ara jà nítorí ṣéńjì, ọkàn yín wà lórí àpò yín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dára fún àtúnsọ. Ẹsẹ tí ó ti wà nínú orí, ẹ máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀nà oko tiwa. Bí ọmọ awo àtijọ́ ṣe ń bá ẹsẹ rẹ̀ rìn lọ sóko, kí tiwa náà máa bá wa jókòó ní Volks.

Ní ọjọ́ Awo, kí àwọn mẹ́ta mẹ́ta tí ilé wọn súnmọ́ra, ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́, ní Òkókómáíkò, ka ti ọjọ́ mẹ́rin sí ara wọn létí. Ìdajì wákàtí tó. Ní ìtàdógún, kí gbogbo wa pàdé, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dìde kí ó sun ìyẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àwọn àgbà sì tún un ṣe láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí a dá a padà sí ẹsẹ náà fún ọjọ́ mẹ́rin sí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan sí ẹ̀yin Olúwo ni èyí: ẹ má ṣe fi iye wákàtí tí ẹ fi kọ́ni yangàn mọ́. Ẹ bi ara yín léèrè iye ẹsẹ tí ọmọ yín lè kà ní òru, bí iná mànàmáná bá lọ, tí fóònù sì kú. Èyí tí ó bá lè kà nínú òkùnkùn yẹn nìkan ni a ti fi lé e lọ́wọ́. Ìyókù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ sì ń lọ.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní orí tí ń rántí àti ọkàn tí kì í rẹ̀. Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.